Ìwúkàrà Ìlú Tí Èédú Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ wá jókòó tì mí. Tòmíwá, fa àga yẹn súnmọ́ ojú fèrèsé. Dára, ìwọ jókòó sórí rọ́ọ̀gì, àmọ́ má fi ẹ̀yìn ti híítà, ó gbóná. Láìpẹ́, obìnrin kan yóò ti ìlú Burlington dé. Yóò tẹ bẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, a ó ṣílẹ̀kùn fún un, yóò wọ lífìtì gòkè wá, yóò sì dúró síwájú ilẹ̀kùn wa. Kò ní kanlẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ni yóò béèrè láti ìta, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wá ìdáhùn náà, mi ò rí i. Màmá yín rò pé òun ni mò ń bínú sí tí mi ò fi jẹun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kí obìnrin náà tó dé, torí tó bá dé tán, mi ò rò pé màá lè sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà rán àwa mélòó kan lọ sí Jámánì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Wọ́n pín wa káàkiri. Ibi tí wọ́n mú èmi lọ jẹ́ ìlú kékeré kan tó ní ilé ìhunṣọ kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, odò tín-ínrín kan àti ilé ààrò kan. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi orúkọ yẹn sọ ìlú mìíràn, èyí tí wọ́n kọ́ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Tí mo bá dárúkọ, tí Tòmíwá sì fi fóònù rẹ̀ wá a, ohun tí yóò rí kì í ṣe ibi tí mo ń sọ. Títì tó gún régé ni yóò rí, àti ilé tó jọra wọn. Ibi tí mo ń sọ ti di kòtò. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń da omi sínú kòtò náà kí ó lè di adágún. Bóyá ó ti kún báyìí, mi ò mọ̀.

Ìró ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ èdè wọn. Ilé ìhunṣọ náà máa ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páánù, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá pa iná rẹ̀. Aago ṣọ́ọ̀ṣì a máa dún. Àwọn ọkùnrin a máa la igi níwájú ilé ààrò. Ìró kan sì wà tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn láti ìgbà náà: tí wọ́n bá kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò, tí wọ́n tò ó sórí pákó, èèpo rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tutù, bí ẹni ń tẹ ewé gbígbẹ lẹ́sẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Wọ́n ní búrẹ́dì ń kọrin. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ a sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ, àní àwọn ọmọdé pàápàá.

Ilé ààrò yẹn ni ọkàn ìlú náà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò ní fèrèsé, èéfín sì ti sọ iwájú rẹ̀ di dúdú. Ẹnikẹ́ni kò ní in. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ tó fi ń yan búrẹ́dì níbẹ̀, búrẹ́dì dúdú ńlá tó máa ń tó ìdílé jẹ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n kan ìṣó sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fi pátákó pẹlẹbẹ kọ́ sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Àmì ilé kan ló wà lára pátákó kan: bàtà fún ilé ẹni tó ń tún bàtà ṣe, kọ́kọ́rọ́ fún ilé tí mo wọ̀ sí, ẹja fún ilé tó tẹ̀ lé e. Bí pátákó bá ṣe tò tẹ̀ léra wọn ni wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì. Ìbéèrè tí ẹ máa gbọ́ jù lọ ní ìlú yẹn ni, "Ta ló kàn?" Wọ́n ń fi kí ara wọn lójú ọ̀nà bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni ìwúkàrà. Kì í ṣe yíìsì inú páálí tí màmá yín ń rà. Ìyẹ̀fun ọkà kan tí wọ́n ń pè ní ráì ni, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sì jẹ́ kó kan. Tí ẹ bá ti mọ bí ògì ṣe ń kan, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù ni pé wọn kì í lò ó tán. Tí ilé kan bá yan búrẹ́dì lónìí, yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ lára ìwúkàrà náà, yóò bọ́ ọ ní ìyẹ̀fun àti omi, yóò sì dúró kí ilé tó kàn wá gbé e. Wọ́n sọ fún mi pé ẹyọ kan ló wà ní gbogbo ìlú, pé ó ti ń ti ilé dé ilé láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí. Mo fura pé àwọn kan ń fi díẹ̀ pamọ́ sílé. Àmọ́ mi ò rí ẹni tó gbà pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé e. Ilé tó kàn á mú abọ́ amọ̀ tirẹ̀, á fi aṣọ funfun bò ó, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí ìwúkàrà wà. Kò ní kanlẹ̀kùn. Á béèrè láti ìta pé, "Ṣé ó ti wú?" Ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn pé, "Ó ti wú, wá gbé e." Tí kò bá tíì wú, á ní, "Kò tíì wú, padà wá." Ìdáhùn méjèèjì yìí ni wọ́n ní. Kò sí ẹ̀kẹta, torí kò sẹ́ni tó rò ó pé ọjọ́ kan lè dé tí wọ́n á nílò rẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo ni wọn kì í béèrè. Tí ikú bá wọ ilé kan, ilé náà á da abọ́ tirẹ̀ dé sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń bọ̀ á rí i láti ọ̀nà jíjìn. Kò ní sọ̀rọ̀. Á da abọ́ tirẹ̀ náà dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì padà sílé títí wọ́n á fi sìnkú tán.

Màmá Lẹ́ńsì ni mò ń pe obìnrin tó gbà mí sílé. Opó ni, kò bímọ, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń ní ìyẹ̀fun lára nígbà gbogbo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó gbé abọ́ ìwúkàrà fún mi kí n bá òun mójú tó o, òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun. Mo rò pé òtútù ń pa nǹkan náà. Mo gbé e súnmọ́ sítóòfù nínú yàrá mi, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo padà, ó ti wú jáde nínú abọ́, ó ti ṣàn dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọnú bàtà mi. Màmá Lẹ́ńsì dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wò mí, ó wo bàtà náà.

"Ṣé ó ti wú?" ló bi mí.

Mi ò tíì gbọ́ èdè dáadáa, mo ṣáà dáhùn bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ pé, "Ó ti wú, wá gbé e."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́. Odidi ọdún kan ni àwọn ọmọdé fi ń pariwo "Ó ti wú!" lé mi lórí tí mo bá ń kọjá. Ọmọbìnrin kékeré kan ló le jù lára wọn, ọmọ ilé ẹja, tó máa ń gbé abọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Á béèrè pẹ̀lú ohùn tín-ínrín pé, "Ṣé ó ti wú?" Á tún fi kún un pé, "Àbí ó ti lọ wọ bàtà?" Ánẹ́tì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń bọ̀ yìí.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀run ni ibẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò kí mi rárá láti ọjọ́ tí mo dé títí mo fi lọ. Ọkùnrin kan máa ń kọjá sí òdìkejì títì tó bá rí mi. Òtútù yàrá mi kì í ṣe kékeré, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà níta. Àmọ́ ohun kan dá mi lójú. Nígbà tí mo ti gbé abọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo wà nínú ètò. Ọkùnrin tí kì í kí mi yẹn, tó bá pàdé mi níwájú ilé ààrò, yóò bi mí pé, "Ta ló kàn?" torí ó ní láti mọ̀. Níbí, a ti gbé nínú ilé yìí ní àdúgbò Jane àti Finch ní Toronto fún ọdún pípẹ́, mi ò sì mọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Mo sọ pé kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ ti ilé rẹ̀ dé ilé wa.

Tí wọ́n bá ti kórè ráì tuntun, wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún. Búrẹ́dì tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọkà tuntun yan, kékeré kékeré ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣó kọ̀ọ̀kan lára ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọdé á fi okùn so ó kọ́, wọ́n á jó yí ilé ààrò ká, àwọn àgbà á mu bíà, ẹyẹ á sì jẹ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún kan, wọ́n fi èmi sídìí ṣọ́bìrì onígi gígùn tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì wọnú ààrò, wọ́n ní apá mi gùn. Mo ṣì rántí ooru yẹn lójú mi. Tí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Finch nígbà òtútù, mo máa ń gbìyànjú láti rántí rẹ̀, àmọ́ ìrántí kì í mú ara móoru. Mo ti dán an wò.

Èédú wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Wọn kì í gbẹ́ ihò wọlé lọ wa èyí. Kò jìn sí òkè, nítorí náà àwọn awakùsà ń ṣí gbogbo ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, oko àti ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é ga ju igi èyíkéyìí tó wà níbẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí irin tó ń ha irin. Nígbà tí mo dé, mo ní láti dákẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ọ, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, mò ń gbọ́ ọ láìdákẹ́. Lẹ́yìn náà, a ní láti gbé ohùn sókè kí a tó gbọ́ ara wa.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n fi ipá lé gbogbo èèyàn kúrò, kò sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan yọ̀. Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún wọn ní omi gbígbóná, ó ní balùwẹ̀ nínú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ kí èédú tó dé, iṣẹ́ ilé ìhunṣọ ti ń dín kù. Ó ṣeé ṣe kí ìlú yẹn kú tí wọn kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tuntun kọ̀ọ̀kan ní ààrò iná mànàmáná tirẹ̀ ní kíṣìnnì, wọn kò sì kọ́ ilé ààrò kankan. Ẹnikẹ́ni kò béèrè fún un. Ìyẹn ni mi ò lóye títí di òní. Wọ́n jà fún òrùlé, wọ́n jà fún ọgbà, wọ́n jà kí wọ́n kó òkú wọn lọ, wọ́n sì kó wọn. Kò sẹ́ni tó rántí jà fún ohun tí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ilé tó bá ti kó lọ, wọ́n á yọ pátákó rẹ̀ kúrò lórí ìṣó. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣó ṣe ń ṣófo. Ìwúkàrà ń fo ilé dé ilé, ó ń yára padà sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ilé ẹja kó lọ. Ánẹ́tì sunkún nítorí wọn kò jẹ́ kó mú ìṣó náà pẹ̀lú pátákó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín wà nílẹ̀, Màmá Lẹ́ńsì mú abọ́ rẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e lọ sí ilé ẹni tó ń tún bàtà ṣe, torí àwa ló kàn. Ọkùnrin náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti yọ fèrèsé ilé rẹ̀. Ó gbé ìwúkàrà náà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ lórí rẹ̀. A rí i kedere. Mo ní kí n gbé e, Màmá Lẹ́ńsì di ọwọ́ mi mú.

Ó béèrè pé, "Ṣé ó ti wú?"

Ìró irin yẹn nìkan ni a ń gbọ́.

"Màmá, kò sẹ́nìkan níbẹ̀," ni mo wí.

"Mo mọ̀," ló sọ, ó sì tún béèrè. Òtútù ń mú un. Nígbà tó yá, ó da abọ́ tirẹ̀ dé sórí àtẹ̀gùn náà bíi pé òkú wà nínú ilé, ó gbé ti ọkùnrin yẹn, a sì padà sílé. Kò yan búrẹ́dì. Kò tún yan búrẹ́dì ní ìlú yẹn mọ́.

Kó tó kó lọ, ó pe mí sí kíṣìnnì. Ó da ìyẹ̀fun gbígbẹ lé ìwúkàrà náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì rún un títí ó fi dà bíi gààrí, ó sá a, ó sì dà á sínú agolo bísíkíìtì fún mi. Ó ní tí mo bá bu omi àti ìyẹ̀fun lé e lọ́jọ́ kan, yóò jí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sí ilé tuntun. Ó ní, "Ta ni màá gbé e fún níbẹ̀?" Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n ti yọ aago rẹ̀ ṣáájú, nítorí náà kò dún. Ọdún kejì tí mo padà dé Nàìjíríà ni mo gbọ́ pé Màmá Lẹ́ńsì ti kú nínú ilé olómi gbígbóná yẹn.

Agolo náà bá mi dé Ìkẹjà. Mo tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe níbẹ̀ títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Ìyẹn jẹ́ ìtàn mìíràn, tí ẹ bá sì dé Ìkẹjà, ẹ lè fojú ara yín wò ó: ọgbà náà ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Kò sí ráì ní Ìkẹjà. Mo gbé agolo náà wá sí Toronto nígbà tí bàbá yín ní kí n wá. Níbí ni mo ti rí ìyẹ̀fun ráì rà, mo da gbogbo ohun tó wà nínú agolo sínú omi, mo sì dúró. Ó pẹ́ kí ó tó mí. Àmọ́ ó mí. Ẹ̀yin náà ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ẹ ní ó kan jù.

Tòmíwá, mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, o ti sọ ọ́ rí. Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde, o ní ohun alààyè tó wà nínú rẹ̀ ti lè kú sínú agolo, pé èyí tó wà nínú ìyẹ̀fun Kánádà ló jí. O lè jàre. Mi ò ní ẹ̀rí kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òórùn rẹ̀ ni òórùn kíṣìnnì Màmá Lẹ́ńsì, mo sì mọ̀ pé imú arúgbó kì í ṣe ẹ̀rí.

Níbi tí mo ti ń ra ìyẹ̀fun yẹn ni mo ti pàdé Ánẹ́tì ní oṣù tó kọjá. Mo gbọ́ tí obìnrin kan tó ti ń hewú ń bá ẹni tó ń tajà sọ̀rọ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á ní ìlú yẹn nìkan. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi èdè wọn béèrè pé, "Ta ló kàn?" Àpò ìyẹ̀fun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ọkùnrin oníbàtà!" ló pariwo. Lójú gbogbo èèyàn, ó dì mọ́ mi.

Ó ní ìyá òun ṣì wà láàyè, ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú tuntun. Kò mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀, ó máa ń bi àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Ta ló kàn?" Wọ́n rò pé ó ń béèrè nípa ìwẹ̀ ni, wọ́n á dárúkọ ẹlòmíràn fún un, á sì máa sunkún pé ẹni yẹn kì í ṣe ará ìlú. Kò sẹ́ni tó ní ìwúkàrà náà mọ́ láàárín wọn. Ánẹ́tì ti béèrè káàkiri. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó wà nínú fíríìjì mi, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n tọ́jú, kí n pa á mọ́ títí di ìgbà tí òun bá fẹ́ wọ bàálù, kí òun lè gbé e dé ibẹ̀ láàyè, kí òun yan búrẹ́dì kan fún ìyá òun, kí òun sì sọ fún un pé, "Màmá, ẹ̀yin ló kàn." Ọ̀la ni bàálù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó wá lónìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú mi. Bàbá yín wà níbi iṣẹ́ ní Meadowvale. Mo wọlé, mo gbọ́ òórùn náà, àmọ́ ó gbóná.

"Ìyá Tòmíwá, kí lẹ ń sè?"

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ara Dára ò yá, kò lè jẹ nǹkan kan, mo bá ro ẹ̀kọ fún un. Bàbá, ẹ rí ògì bàbà rà ẹ ò sọ fún mi! Mo rí i nínú rọ́bà áìsìkirímù. Àmọ́ àwọn tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ o, ó ń yọ̀ bí ilá."

Mo bi í pé ṣé ó kù.

"Rárá o, sà. Ó kéré, mo ro gbogbo ẹ̀. Ti yín wà nínú fúláàsì."

Ta ni yóò bá a wí? Nínú fíríìjì wa, kò sí rọ́bà áìsìkirímù tí áìsìkirímù wà nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ẹ̀wà wà nínú ìkejì. Obìnrin Yorùbá tó bá ṣí rọ́bà, tó rí nǹkan pípọ́n rẹ́súrẹ́sú tó kan, ògì bàbà ni yóò pè é. Èmi náà ì bá pè é bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé màá rún díẹ̀ nínú rẹ̀ sí gbígbẹ, kó wà nínú agolo. Mo ń dúró kí ojú mi sàn. Dára mu ún pẹ̀lú ṣúgà àti mílíìkì, ó ní kò dùn. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì. Mi ò lè sọ pé òun ló mú un yá, mi ò sì lè sọ pé òun kọ́. Mo mu èyí tó wà nínú fúláàsì. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe sí i.

Mo pe Ánẹ́tì lórí fóònù láti sọ fún un. Kó tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n ti sọ fún ìyá òun pé ìwúkàrà ń bọ̀, pé ìyá náà ní kí wọ́n wá épírọ́ọ̀nù òun, láti ìgbà náà kò sì sunkún mọ́. Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Tòmíwá, lánàá o ní kí a po ìyẹ̀fun mọ́ omi, kí a fi yíìsì díẹ̀ sí i, pé kò ní mọ̀. Òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ pàápàá lè má mọ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé irú ẹ̀ gan-an ni mo ti ń bọ́ láti ọjọ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Àmọ́ ìbéèrè tí yóò béèrè kì í ṣe pé ṣé ìyẹ̀fun wà. Tí mo bá ní ó ti wú, irọ́ ni. Tí mo bá ní kò tíì wú, kó padà wá, irọ́ tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ ni, torí yóò padà wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn níwájú ilé ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ìwúkàrà wà, ẹni tí yóò dáhùn ni kò sí. Lónìí, ẹni tí yóò dáhùn jókòó síbí. Kò sì sí ìdáhùn kẹta ní gbogbo èdè wọn. Màmá Lẹ́ńsì náà wá a tì, ó kàn da abọ́ rẹ̀ dé ni.

Ẹ dúró ná.

Ìyá Tòmíwá, rọ́bà yẹn dà? Ẹ ti fọ̀ ọ́? Ẹ gbé e wá. Rárá, ẹ má sunkún, ẹ gbé e wá ni.

Bẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Dára, tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé nísàlẹ̀. Tòmíwá, gba rọ́bà yìí, gbé e lọ síwájú ilẹ̀kùn níta, dà á dé. Kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Padà wọlé, ti ilẹ̀kùn.

Lífìtì ti dé. Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yára bọ̀ bíi ti ọmọdé.

Ó ti dúró.

Kò béèrè. Ẹ ò gbọ́ ìró yẹn? Amọ̀ ló kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti da tirẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.